Ọmọ Mi Kò Lè Bẹ̀rẹ̀ Láti Àárín

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fún mi ní orí tí mo fi ń rántí nǹkan àti ẹnu tí mo fi ń sọ ọ́. Òun ló kó mi dé ìlú òyìnbó láyọ̀, tó fún mi níṣẹ́, tó fún mi ní ọkọ tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì fún mi ní ọmọ ọkùnrin kan lẹ́yìn obìnrin mẹ́ta. Bí mo bá ní kí n jókòó máa ka oore Rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àsìkò ìrun yóò kọjá lórí mi. Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ mú nínú wọn. Ó lè kéré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni.

Nígbà tí ọmọ wa wọ yunifásítì ní New Cross, ó sọ fún mi pé òun ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Mo ní Alhamdulilahi. Láti ojú fèrèsé wa ní Peckham, mo ti rí àwọn ọmọ tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo fẹ́ fọ aṣọ, tí mo bá ohun kan nínú àpò rẹ̀ tó dà bí igbá ìjàpá, tí wọ́n fi okùn sí lára. Akoto kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi irin dí ẹnu rẹ̀ bí ilé ẹyẹ. Mo pe ọkọ mi. Ó wo gbogbo rẹ̀ yíká.

"Ṣé ọmọ yìí ti di ọlọ́pàá tí wọ́n fi ń tú ìjà ká ni?"

Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá. Bọ́ọ̀lù náà rí ṣóńṣó lórí, ṣóńṣó nídìí, bí ìbẹ́pẹ kékeré. Àwọn ọmọ á tò ní ìlà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn. Ẹnì kan á dúró lẹ́yìn ìlà tirẹ̀. Òun ni yóò ké orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, òun ni wọ́n á fún ní bọ́ọ̀lù, òun náà ni yóò jù ú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti sáré lọ síwájú. Bí kò bá tíì sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mira. Quarterback ni orúkọ tí àwọn ọmọ ń pè é. Ṣùgbọ́n Àlàájì, àgbà tó dàgbà jù nínú Àsálátù wa, wo eré náà lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù ọmọ mi, wọ́n sì ní, "Lèmọ́ọ̀mù nìyẹn. Gbogbo ìlà ló ń dúró de ohùn rẹ̀." Àáfà wa ní ká má fi ìrun ṣeré. Láti ọjọ́ náà, ìgbà tí Àáfà kò bá sí nítòsí ni Àlàájì ń pè é ní lèmọ́ọ̀mù.

Ipò yìí gan-an ni ọmọ mi fẹ́. Ọdún méjì gbáko ló fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú akoto lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tó wà níbẹ̀ kò tíì parí ẹ̀kọ́. Nígbà tí ẹni náà parí, kóòṣì wọn sọ fún ọmọ mi lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé, "Ó kàn ọ́." Ó sọ ọ́ fún wa nídìí oúnjẹ, kò sì rántí jẹ ẹran rẹ̀. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà ni ibi iṣẹ́ kóòṣì gbé e lọ sí Scotland.

Kóòṣì tuntun dé. Ọkùnrin kúkúrú tí ọrùn rẹ̀ ki ni, orúnkún rẹ̀ kan kò dáa, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní eré ìdárayá láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ní òun kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ìlérí. Àwọn méjì ló ń du ipò náà, ọmọ mi àti ọmọ gíga kan láti Stockwell. Wọ́n á gbá ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn èkejì, òun á yan ẹnì kan, ẹni náà ni yóò sì gbá a títí ọdún á fi parí. Ó wá fún àwọn méjèèjì ní ìwé kan. Ogójì ètò eré ló wà nínú rẹ̀, ó sì fi orúkọ ìlú òyìnbó kan pe ètò kọ̀ọ̀kan: Dover, Bath, Leicester, York, títí dé Hull tó gbẹ̀yìn. Òun á máa pe ìlú láti ẹ̀gbẹ́ pápá, quarterback á sì ké ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbà fún un. Kóòṣì àná máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kí wọ́n sì so ó mọ́ ọrùn ọwọ́. Eléyìí ní rárá. Ohun tí kò bá sí lórí yín, kò sí lọ́wọ́ yín.

Ilé ìdáná ni ọmọ mi ti sọ èyí fún mi. "Mummy, last year mi nìyí. Tí mi ò bá rí i gbà báyìí, ó tán nìyẹn." Ó kọjú sí fíríìjì bí ẹni ń ka nǹkan lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí ohun kankan níbẹ̀ láti kà.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn jíkírì, tí a ń mu tíì, ọ̀rọ̀ náà dé àárín Àsálátù. Ọkọ mi ló dá a sílẹ̀, kí Ọlọ́hun forí jì í.

"Ká má parọ́, ọmọ Stockwell yẹn ló yẹ kí wọ́n mú."

Àlàájì gbé ife tíì wọn sílẹ̀. "Ọmọ ta ni?"

"Mo ti wò ó, Àlàájì. Apá rẹ̀ dà bí kànnàkànnà. Tó bá ju bọ́ọ̀lù níbí, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja ní Rye Lane ni wọn á ti mú un."

"Ìwọ, bàbá ọmọ! Ẹnu rẹ ni èyí ti ń jáde?"

"Òótọ́ ni mo ń sọ. Ṣé kí n máa parọ́ nínú mọ́sálásí ni?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí o parọ́. Dídákẹ́ la ní kí o dákẹ́."

Mo ní, "Àlàájì, ẹ bá mi bá a wí. Ọ̀dọ̀ mi ló sì ti máa jẹun alẹ́."

Àlàájì nà síwájú. Reluwé ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fẹ́ràn àríyànjiyàn ju ṣúgà lọ. "Màlúù ló ní agbára," ni wọ́n wí, "ẹni tó mú ọ̀pá dání ló ń dà á. Ẹ ti rí lèmọ́ọ̀mù tí wọ́n yàn nítorí pé apá rẹ̀ le?"

Àáfà wúkọ́ lẹ́yìn wọn.

"Adarí ni mo wí, Àáfà. Adarí."

"Kóòṣì tuntun ló máa pinnu," ọkọ mi tún wí.

"Kóòṣì wo? Kóòṣì tó dé lánàá, tó ń tú ohun tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ dì? Ó kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti dé ni. Ìlérí ni ìlérí!"

"Ẹni tó ṣèlérí ti lọ, Àlàájì. Àbí ẹ fẹ́ kó máa yan ènìyàn láti Scotland ni?"

"Kí ló ṣe Scotland? Reluwé ń dé ibẹ̀!"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ títí ìrun Àyìlá fi pè wọ́n dìde.

Èmi kò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìwé kan wà tí a gbọ́dọ̀ há sórí, ìyẹn kò sì ṣàjèjì sí mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni bàbá mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Orí wàláà ni mo ti kọ́ ohun gbogbo tí mo mọ̀ kí n tó wọ ilé ìwé. Ọ̀nà tí bàbá mi gbà kọ́ wa rọrùn. O óò ka ìlà kìíní sókè títí ẹnu á fi mọ̀ ọ́n. O óò fi ìkejì kún un, o óò padà lọ sí ìkíní. O óò fi ìkẹta kún un, o óò tún padà. Bí ẹnu ṣe ń kà, bẹ́ẹ̀ ni ara ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lójoojúmọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Mo jókòó ti ọmọ mi lórí kápẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn Mọ̀ńgàríbà. "Ka Dover."

"Mummy, it's not Kùránì o."

"Mo mọ̀. Orí kan náà ni Ọlọ́hun fún wa fún gbogbo rẹ̀. Ka Dover."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi ṣe é. Láti Dover dé Hull, ogójì ètò, ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan á dúró, ibi tó máa sá sí, ẹni tí bọ́ọ̀lù ń lọ bá, ọmọ náà ń kà á geere bí omi ẹ̀rọ. Èmi náà há méje àkọ́kọ́ láìmọ̀. Mo ń kà á lẹ́nu níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, ìyá òyìnbó kan tí mò ń fún ní tíì sì bi mí bóyá Bath ni mo fẹ́ lọ fún ìsinmi.

Ọjọ́ ìdíje kìíní pé. Lẹ́yìn Àsálátù, èmi, ọkọ mi àti Àlàájì wọ bọ́ọ̀sì P12 lọ sí pápá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Surrey Quays. Kóòṣì fi ọmọ mi síwájú. Ọkàn mi balẹ̀ bí ẹni tó ti rí èsì ìdánwò.

Kóòṣì pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá, "Hull!"

Ọmọ mi dúró. Àwọn tó tò síwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń retí ohùn rẹ̀. Kò sí ohùn. Aago kan wà fún wọn nínú eré yìí, tó bá lù tí wọn kò tíì gbéra, adájọ́ á fà wọ́n sẹ́yìn. Ó lù. Wọ́n fà wọ́n sẹ́yìn.

"Leicester!"

Ó tún dúró.

Àlàájì ní, "Kí ló ń dúró dè? Ṣé ìkámọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ìrun dìde ló ń retí ni?"

Ìgbà náà ni mo rí ara rẹ̀. Ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ètè rẹ̀ ń sáré lábẹ́ irin akoto. Ohun tó ń ṣe yé mi lẹ́ẹ̀kan náà, inú mi sì bà jẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti Dover. Ìlú mọ́kàndínlógójì ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó dé Hull, nítorí pé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Mo sọ fún Àlàájì. Àgbà òṣìṣẹ́ reluwé náà lu itan wọn.

"Áà! Reluwé tó ń dúró ní gbogbo ìdíkọ̀ lo fi ọmọ yìí wọ̀!"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìgbà kẹta, kóòṣì yọ ọmọ mi, ó fi ọmọ Stockwell sí i. Bọ́ọ̀lù tí ó kọ́kọ́ jù fò kọjá orí gbogbo ènìyàn, ó lọ lu ọgbà. Òun náà gbàgbé ètò méjì, ó tilẹ̀ sáré gba ibi tí kò sẹ́nìkan. Ṣùgbọ́n kò dúró bí òpó. Wọ́n pàdánù, kò sì sẹ́ni tó bá a wí.

Nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ mi jókòó tì mí pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. "Mummy, mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Mi ò kàn lè débẹ̀ ni."

"Ẹ̀bi mi ni," mo wí. "Má bínú."

Kò wọ́pọ̀ láàárín wa kí ìyá máa bẹ ọmọ. Ọkọ mi kọjú sí fèrèsé. Ọmọ náà ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," ó sì fi kún un pé òun á sọ fún kóòṣì lọ́jọ́ Tuesday pé kí ó kúkú mú ọmọ kejì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró títí dé ìdíje tó kù. Kò sọ pé rárá.

Lọ́jọ́ kejì mo tọ Àáfà wa lọ. Wọ́n kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n a kì í fi ọjọ́ orí wo ìmọ̀. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu fún ìgbà díẹ̀, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń bò.

"Mummy," ni wọ́n wá wí, "ìdajì iṣẹ́ ni ẹ ṣe. Nígbà tí ẹ fẹ́ ṣe wòlíímà Kùránì, ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni bàbá yín ní kí ẹ kà?"

Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ṣí Kùránì sí ibi tó wù ú, ó ka ìlàjì ìlà kan, ó ní, "Máa lọ." Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi dán mi wò báyìí ṣáájú ọjọ́ náà, mo sì sunkún lọ́jọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo rántí ìwúrí, mo gbàgbé ẹkún.

"Ẹni tó lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n," Àáfà wí. "Ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ láti àárín, òun ló há a. Ẹ mú un wá lọ́la, lẹ́yìn Àlàásárì."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí tí a ń bọ́ bàtà sí ni wọ́n ti ṣe é, nítorí pé a kì í gbé bàtà wọ ibi ìrun. Àáfà to bàtà mọ́kànlá sí apá kan fún ẹgbẹ́ ọmọ mi, wọ́n to mọ́kànlá sí iwájú wọn fún àwọn ọ̀tá. Àlàájì ní àfi kí bàtà aláwọ ti àwọn jẹ́ lèmọ́ọ̀mù. Èmi kọ orúkọ ogójì ìlú sínú ìwé wẹ́wẹ́, mo dà wọ́n sínú àwo. Àáfà mú ọ̀kan. "Bath."

Ọmọ mi na ọwọ́ sí bàtà, ó sì dúró. Ètè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Àáfà fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀. "Má padà sílé! Ibi tí o wà ni kí o ti máa lọ!"

Lọ́jọ́ kìíní, márùn-ún péré ló rí tọ́ nínú ogójì. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́rìnlá. Nígbà tó fi di ọjọ́ Thursday, àwọn tó wá kírun kì í tètè lọ mọ́, wọ́n á dúró wòran. Bàbá kan tó ń ta fóònù ń wá bàtà rẹ̀ kiri.

"Ẹ ṣe sùúrù, sà," Àlàájì sọ fún un. "Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ń dáàbò bo lèmọ́ọ̀mù."

Ọkọ mi ló ń darí bàtà àwọn ọ̀tá, ó sì ń fi ìkà gidi ṣe é. Bí ọmọ bá ti gbé bàtà kan, ó ti kó mẹ́rin dí i lọ́nà.

Mo bi í, "Ṣé ọmọ Stockwell lo ṣì ń tì lẹ́yìn?"

"Ọmọ Stockwell ni mò ń tì lẹ́yìn," ó dáhùn láìwojú mi, "ọmọ mi ni mò ń kọ́."

Nígbà tó di Sátidé, Àáfà kì í tíì ka ìwé inú àwo tán kí bàtà tó gbéra. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ kan.

Nínú ìdíje kejì, ọmọ Stockwell ni kóòṣì fi ṣáájú, ó sì gbá a dáadáa. Ó ju bọ́ọ̀lù kan tó jẹ́ pé èmi fúnra mi pàtẹ́wọ́ kí n tó rántí ara mi. Wọ́n sinmi, wọ́n padà, ọmọ mi wọlé.

"Hull!"

Mo di apá aṣọ ọkọ mi mú. Ohùn ọmọ mi ti jáde kí n tó mí èémí. Ìlà gbéra. Bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò ga, kò jìnnà, ó lọ tààrà bọ́ sí àyà ọmọ tó ń sáré. "York!" Ó tún lọ. "Leicester!" Ara rẹ̀ kò mì mọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, kóòṣì pe ìlú kan, ṣùgbọ́n ọmọ mi gbójú wo àwọn ọ̀tá, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìlú mìíràn. Kóòṣì di orí mú. Bọ́ọ̀lù fò, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan gbá a mú, ó sáré gbé e wọ òpin pápá, góòlù tiwọn nìyẹn, ẹnìkan kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá ló sọ fún wa pé bí àwọn ọ̀tá ṣe dúró jọ bí bàbá òun ṣe to bàtà lọ́jọ́ Thursday gẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn eré, kóòṣì pe àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀. Kóòṣì gbé ọwọ́ lé ọmọ mi léjìká. Ọmọ Stockwell wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbá akoto ọmọ mi gbàà, ó sì dì mọ́ ọn.

Ọmọ mi sáré wá. "Mummy, èmi ni! Èmi ni wọ́n mú!"

Mo forí kanlẹ̀ níbẹ̀ fún Ọlọ́hun. Nígbà tí mo dìde, ẹrẹ̀ wà níwájú orí mi, kò sì sí ẹni tó lè ní kí n nù ún. Nígbà tí mo fi máa wo ẹ̀yìn, ọkọ mi ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ Stockwell, ó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń sọ fún un lédè òyìnbó pé ìbò òun kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́!" ọmọ mi pariwo, ó fi akoto bo ojú. Ọmọ Stockwell ń rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú.

Àlàájì ní tiwọn ti mú ọ̀rọ̀ kóòṣì. "Ó yẹ kí wọ́n yọ ọkùnrin yẹn. Báwo ló ṣe máa fi lèmọ́ọ̀mù jókòó ní ìlàjì eré?"

"Àlàájì, òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ wa yìí o!" ọkọ mi wí.

"Ó mú un, àmọ́ ó pẹ́ kó tó mú un. Kóòṣì àná kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí bọ́ọ̀sì fi dé, ọmọ mi sì jókòó sáàárín wọn, ó ń ti ọ̀rọ̀ kóòṣì tuntun lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ibí, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ọmọ yín jìyà ohun tí ẹ fi ìfẹ́ kọ́ ọ ní ìlàjì. Kí Ó rán ẹni tí yóò parí rẹ̀ sí yín kí àkókò tó lọ. Ohun tí ẹ ti ń dúró dè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí Ó pè yín wọlé síbẹ̀, kí ohùn yín sì jáde nígbà tí wọ́n bá ń retí rẹ̀. Àmín.